Ìró Kẹsàn-án ní Kúárì Ifọ̀

Ó ku nǹkan bí ọdún márùn-ún kí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Mówè àti Ìbàfò kọjá lónìí kò tíì sí nígbà náà. Igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wá ṣiṣẹ́ oṣù ní Ifọ̀ láti apá ibẹ̀ yóò gun kẹ̀kẹ́ tàbí kó fẹsẹ̀ rìn ín láti ìdájí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ń fọ́ òkúta ní kúárì kan lẹ́yìn ìlú Ifọ̀, mo sì tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo wa, èmi nìkan ló ka ìwé dé sítáńdáàdì síìsì. Akọ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pè mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ máa ń pè mí síbi ìpàdé yín lọ́dọọdún. Ẹ ó fi mí jókòó sórí àga ńlá, ẹ ó ní mo wà lára àwọn tó gba fèrè lọ́wọ́ òyìnbó, ẹ ó sì pàtẹ́wọ́. Inú máa ń bí mi níbi tí mo jókòó sí, ẹ̀yin kò sì mọ̀. Ẹ kò mọ ohun tí a fi san fèrè náà. Mo ti dákẹ́ pẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Láàárọ̀, àwọn kan yóò fi irin gbẹ́ ihò sára àpáta. Tó bá di ọ̀sán gangan, wọ́n á ki dánámáìtì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á na okùn iná sí i, wọ́n á gbé àsíá pupa sókè, gbogbo wa á sì sá lọ sẹ́yìn òkìtì òkúta. Gígùn àwọn okùn náà kì í dọ́gba, kí ihò méjì má bàa bú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa dún, nítorí pé kíkà ni a ń kà wọ́n. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́wàá, ìró mẹ́wàá la gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí a bá gbọ́ mẹ́sàn-án, a jẹ́ pé ọ̀kan ṣì wà láàyè nínú àpáta, tó ń dúró de ẹni tí yóò fi irin kàn án. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Bàbá Lámídì ló ń ka ìró. Ará Mówè ni, ó kúrú, ó sì nírùngbọ̀n funfun. Ó ti ń bá òkúta ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Òun ló ń wọn okùn iná, òun náà ló sì ń ka ohun tó bá dún. Kì í fi ẹnu kà á. Ó máa ń sọ pé, "Bí àyà bá ń já, ẹnu á máa fò." Bí wọ́n bá ti ń ki àwọn ihò, yóò ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan fún ihò kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí ọ̀kan bá dún, yóò ju òkúta kan sílẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo ni yóò na àtẹ́lẹwọ́ sókè, Fóómàn, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ wa, á fọn fèrè, a ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìró àkọ́kọ́ títí Bàbá yóò fi na ọwọ́, a kì í sọ̀rọ̀. Òfin tiwa nìyẹn, kò sí nínú ìwé òyìnbó kankan. Ẹni tó bá wúkọ́ pàápàá, a ó bínú sí i.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ìró náà. Ilẹ̀ á mì tìtì, kí etí tó gbọ́ gbòà! Lẹ́yìn náà ni òkúta á máa rọ̀ sórí ewé, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí gbogbo rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Gbogbo Ifọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Bí ìró bá ti ń dún lọ́sàn-án, àwọn obìnrin tó ń tajà ní ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin kì í tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n mọ̀ pé bó bá ti parí, ọkọ àwọn yóò jẹun ọ̀sán láìpẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà. Wágúnù ọkọ̀ ojú irin ti wà ní ìdíkọ̀ láti ọjọ́ Ajé tó ń dúró de òkúta, ilé iṣẹ́ sì fẹ́ kí wọ́n kún kí ilẹ̀ tó ṣú. Fóómàn ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má rò pé òyìnbó ni o. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ará Èkó, tó ń dé akẹtẹ̀ òyìnbó, tó sì ń bá àwọn tó tó bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀. Ihò mẹ́sàn-án ni wọ́n gbẹ́. Mo dúró sí nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí Bàbá Lámídì. Àwọn yòókù wà lẹ́yìn òkìtì lódìkejì. Wọ́n tan iná.

Èmi náà kà á. Ọ̀kan dún, èjì dún, ẹ̀ta dún. Mo rí i tí òkúta ń jábọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ó dé orí ìkẹjọ, eruku sì bo gbogbo ibẹ̀, n kò rí òkìtì lódìkejì mọ́. A dúró. A tún dúró. Ọwọ́ Bàbá ṣì wà ní dídì.

Fóómàn ní, "Ó ti parí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́."

Bàbá dá a lóhùn pé, "Kò tíì parí, ọ̀gá. Ọ̀kan kù." Ó la ọwọ́, ó sì fi òkúta wẹ́wẹ́ tó kù hàn án.

"Mẹ́sàn-án ni mo gbọ́. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà dún pa pọ̀."

"Èmi ni mo wọn okùn wọn, ọ̀gá. Wọn ò lè dún pa pọ̀."

"Etí ẹ ti darúgbó, bàbá yìí. Wágúnù ń dúró. Ṣé o ò mọ̀ pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké ni?"

"Oyin ta là ń jẹ níbí, ọ̀gá? Ẹ̀mí ènìyàn là ń sọ. N ò ní na ọwọ́ mi."

Fóómàn ki fèrè bọ ẹnu, ó sì fọn ọ́n.

Ẹ gbọ́ ohun tó pa wá. Láti ọjọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fèrè kò dún rí láìjẹ́ pé Bàbá ti na ọwọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn òkìtì kò rí ọwọ́ kankan nínú eruku, fèrè nìkan ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì gbà pé ọwọ́ ti lọ sókè. Bàbá pariwo pé kí wọ́n má wọlé, ṣùgbọ́n ohùn àgbàlagbà ni, etí gbogbo ènìyàn sì ṣì ń hó. Rájí ló ṣáájú. Ọmọ Ìbàfò ni Rájí, ọ̀rẹ́ mi ni, kò sígbà tí kì í ṣáájú. Múfútáù tẹ̀ lé e.

Èmi ńkọ́? Èmi gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ohùn mi lágbára, èmi ni mo máa ń ké ní ìpàdé tí wọ́n á gbọ́ ọ dé ojú ọ̀nà. Bí mo bá ké ẹyọ kan péré, Rájí ì bá dúró, nítorí ó mọ ohùn mi. Ṣùgbọ́n Fóómàn ti halẹ̀ mọ́ mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé bí mo bá tún da iṣẹ́ dúró, ilé ni mo ń lọ. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé bóyá méjì dún pa pọ̀ lóòótọ́. Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Mẹ́jọ ni mo gbọ́.

Ìró kẹsàn-án kò dà bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Kò mi ilẹ̀ púpọ̀. Ó gé kúrú, ó dún gbì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ju àpò ìrẹsì sílẹ̀ láti orí ọkọ̀. Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e ni ọ̀pá irin Rájí tó ń yí bọ̀ láti òkè àpáta, tó ń dún kan-kan-kan, tó pẹ́ kó tó dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́ nǹkan kan àfi híhó etí tèmi. Ìgbà tí etí mi là, ohùn Múfútáù ni mo gbọ́. Kò kígbe. Ó kàn ń béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé, "Ta ló ti fèrèsé? Ẹ ṣí fèrèsé." Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń jó wa lórí. Ó ń béèrè fèrèsé náà títí tí a fi gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú, ibẹ̀ ló sì dákẹ́ sí.

Nígbà náà ni a gbọ́ ìlú. Ìró tó bú lẹ́yìn àsìkò kò lè jẹ́ ìró iṣẹ́, gbogbo obìnrin Ifọ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. A gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí òkúta kí a tó rí wọn. Kálukú ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀ sínú eruku. Bí ọkùnrin kan bá dáhùn, ìyàwó rẹ̀ á jókòó sílẹ̀ níbi tó bá wà, á máa mí hẹlẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni ìpè náà ń dín kù, títí ó fi ku ohùn ẹnì kan. Sínótù ni, ìyàwó Rájí, tó ń ta fùfú ní ìdíkọ̀. Ó ń pè é pé, "Bàbá Ràṣídì! Bàbá Ràṣídì!" Gbogbo wa dúró níbẹ̀, ọkùnrin bí ogójì, a ò rí ẹni tó lè dá a lóhùn.

A sin wọ́n kí ìrun Àsárì tó kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé kan ti wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ní èdè òyìnbó. Èmi ni wọ́n ní kí n kà á. Ó ní ẹni tó ń ka ìró ló ṣi ìró kà, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ pa òṣìṣẹ́ méjì, àti pé wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí Fóómàn nínú rẹ̀. Kò sí fèrè nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ni Bàbá Lámídì ń tẹ́tí sí mi, tó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó kàn ń wò mí.

Ọjọ́ náà ni a yanṣẹ́ lódì. A jókòó sórí irin tí wágúnù ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdíkọ̀, a ní bí wọ́n bá fẹ́ kó òkúta, kí wọ́n gba orí wa kọjá. Ohun méjì là ń béèrè. Èkíní, kí fèrè kúrò lọ́wọ́ Fóómàn, kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí àwa fúnra wa bá yàn láti máa ka ìró. Èkejì, kí wọ́n yọ orúkọ Bàbá Lámídì kúrò nínú ìwé náà, kí wọ́n sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀. Inú ń bí wa débi pé ebi kò pa wá lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ọ̀gá òyìnbó wá bá wa lórí irin. Ó béèrè, èmi sì ń túmọ̀, pé báwo la ṣe mọ̀ pé ẹni tó ń kà á kò ṣì í kà. Sàká, ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ ihò, dìde. Ó ní, "Ẹ bi í pé, bí Bàbá bá ṣì í kà, ta ló fọn fèrè?" Mo túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó wo ilẹ̀, ó yí padà, ó lọ. Mo gbà pé ó mọ òótọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí inú máa bí mi sí i dòní. Ẹni tí kò mọ̀, a lè dárí jì í.

Ìbò ń bọ̀ nígbà náà, olóṣèlú kan sì gbọ́ nípa wa. Ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó mú Sínótù dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè, ó ní bí àwọn bá wọlé, ẹ̀jẹ̀ Rámọ́nì kò ní lọ lásán. Rájí ni orúkọ ẹni tó kú! Obìnrin náà wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ọ tí wọ́n ń fi orúkọ ẹlòmíràn sunkún ọkọ rẹ̀. Wọ́n wọlé. A ò rí olóṣèlú náà mọ́.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, ebi ti ń pa wá. Àwọn obìnrin tó ń gbé gààrí wá fún wa kò ní èyí tí àwọn fúnra wọn yóò jẹ mọ́. Ọjọ́ kọkànlá ni ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Fèrè náà wà lórí tábìlì, ìwé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n mú fèrè, tiwa ni láti òní lọ, wọn yóò sì gbé Fóómàn lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ìjọba ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí. Nítorí náà, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé yìí. Mo kà á. Ó ní àwa òṣìṣẹ́ gbà pé àṣìṣe ẹni tó ń ka ìró ló fa ikú náà.

Mo gbé e lọ sí ìpàdé. Sàká ní, "Ẹni tó ní ká má wọlé lẹ fẹ́ tà?" Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé, "Bàbá ti lọ sílé, ó lóko. Àwa la máa wọ inú àpáta lọ́la. Fèrè ló máa gbà wá, orúkọ Bàbá kò lè gbà wá." Wọ́n jiyàn títí. Wọ́n wá ní kí Akọ̀wé sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a gba èyí tó wà nílẹ̀ ná, a ó padà wá jà fún ìkejì." Ọ̀rọ̀ mi ló yí wọn lọ́kàn padà. Ọwọ́ tó lọ sókè pọ̀, Sàká jáde, èmi sì fọwọ́ sí ìwé. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. A kò sì padà jà fún ìkejì láé.

Ògbifọ̀ ọ́fíìsì lọ ka ìwé náà fún Sínótù. Sínótù wá bá mi lọ́jọ́ tó ń di ẹrù rẹ̀ padà sí Ìbàfò.

"Akọ̀wé, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n kà fún mi? Wọ́n ní ẹ fọwọ́ sí i."

Mo ní, "Ìyàwó, fi sùúrù sí i. Àkókò Ọlọ́run ni."

"Àkókò Ọlọ́run kọ́ ni mò ń bi yín. Bàbá yẹn ló pa á, àbí òun kọ́?"

Mo gbé ọ̀kan nínú ẹrù rẹ̀ lé e lórí. Ìdáhùn tí mo fún un nìyẹn.

Ìbàfò kò jìnnà sí Mówè. Wọ́n sọ fún mi pé ó rí Bàbá Lámídì lọ́jà Mówè, ó tú irun orí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ láàárín ọjà, ó sì ṣépè fún un lójú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń pè é ní apààyàn. Bàbá kò lọ sí ọjà mọ́. Nígbà tó yá, kò lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́, ilé ló ti ń kírun.

Ó tó ọdún méjì kí n tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Mówè. Mo bá a lórí ẹní níwájú ilé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ forí jì mí."

Kò ní kí n dìde. Ó béèrè pé, "Mélòó lo gbọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Mẹ́jọ ni, Bàbá."

Ojú rẹ̀ kún fún omi. "Alhamdulilahi. Mo ti ń rò ó pé bóyá etí mi ló darúgbó lóòótọ́. Bí gbogbo èèyàn bá ń sọ nǹkan kan náà, wèrè ni èèyàn á pe ara rẹ̀." Ó wá ní, "Dìde. Èmi kọ́ ló yẹ kí o wá bẹ̀. Lọ sọ fún Sínótù."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gba Ìbàfò kọjá nígbà tí mò ń padà. Mo rí i níwájú ilé, ó ń jọ gààrí, àwọn ọmọ mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé n óò wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. N kò sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Bàbá Lámídì kú kí òjò ọdún yẹn tó dá. Sínótù náà ti kú, ó ti pẹ́, kò sì dárí ji Bàbá títí ó fi kú.

Ẹ wá gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́. Ohun tí a jèrè kì í ṣe kékeré. Títí kúárì náà fi kógbá wọlé, ihò tí kò bú kò tún pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń kà ló ń fọn fèrè. Mo mọ àwọn tó fi dàgbà, tó fi rí ọmọ-ọmọ. N kò sì ní sẹ́ èyí láti fi jẹ ara mi níyà. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan la fi ṣe ẹbọ rẹ̀, ẹni tó gbìyànjú láti gbà wá là, a kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Fóómàn di ọ̀gá níbi tí wọ́n gbé e lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Mo ti dúró ju ogún ọdún lẹ́ẹ̀mejì lọ, òótọ́ kò bá nǹkan kan. Òótọ́ kò lẹ́sẹ̀ tirẹ̀, ẹnu ènìyàn ló ń gbé e rìn, ẹnu tèmi sì wà ní dídì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Rájí, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Èpè tí ìyá yín ṣẹ́ lójà Mówè kò yẹ orí ẹni tó ṣẹ́ ẹ lé. Bàbá Lámídì kọ́ ló pa bàbá yín. Òun ló ń pariwo kó má wọlé. Èmi tí bàbá yín ì bá gbọ́ ohùn mi, èmi ni mo dákẹ́.